Fíìmù alápá-púpọ̀ ayé àtijọ́: dọ́kítà ìkà wo ni kí ẹ kọ́kọ́ wò?

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wo fíìmù alápá-púpọ̀ tí Hollywood ṣe ní bí ọdún 1930 sí 1956, kó má fi ákítọ̀ yan èyí tí yóò wò. Ákítọ̀ wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra: géńdé kan tó wọ kóòtù, tó mọ ẹ̀ṣẹ́ í jà, tí fìlà kì í sì í bọ́ lórí rẹ̀ bó ti wù kí wọ́n gbé e ṣán mọ́lẹ̀ tó. Ọ̀gá ìkà ni kí ẹ fi yàn. Nínú gbogbo ọ̀gá ìkà wọn, èyí tó dùn ún wò jù lójú tèmi ni dọ́kítà tí ìwé àkàjù ti dà lórí rú, tó sá pamọ́ sínú yàrá kan tí iná ti ń ta pàrà lára wáyà, tó ń ṣe ẹ̀rọ tí yóò fi gba ayé mọ́ gbogbo aráyé lọ́wọ́.

Fún ẹni tí kò bá irú fíìmù yìí pàdé rí: ìtàn kan ni, wọ́n wá gé e sí apá 12, 13 tàbí 15. Apá kan lè gba ìṣẹ́jú 13, ó lè lé díẹ̀ ní 20. Ọjọ́ Sátidé ni àwọn ọmọdé máa ń wọ ilé sinimá lọ wò ó, apá kan lọ́sẹ̀ kan, kí fíìmù gígùn tó bẹ̀rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ ákítọ̀ ti ń já bọ̀ láti orí òkè, tàbí tí ilé tó wà nínú rẹ̀ ti gbiná, ibẹ̀ gan-an ni wọn á ti ní kẹ́ ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó ra fíìmù Yorùbá nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì fídíò ṣì wà mọ bó ṣe máa ń dunni, kí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀ tán kí wọ́n wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé kẹ́ ẹ máa retí apá kejì. Tiwọn ní apá kẹẹ̀ẹ́dógún. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ló gbajúmọ̀ jù nídìí iṣẹ́ náà: Universal, Republic àti Columbia. Universal ló kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ ní 1946, Republic tẹ̀ lé e ní 1955, Columbia ló sì ṣe èyí tó gbẹ̀yìn pátápátá ní 1956, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ti gba àwọn ọmọdé lọ́wọ́ ilé sinimá.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ojú ọ̀gá ìkà láti ìbẹ̀rẹ̀

Méjì ni kí ẹ gbé síwájú ara yín: The Phantom Creeps, tí Universal ṣe ní 1939, àti Mysterious Doctor Satan, tí Republic ṣe ní 1940. Àkọ́kọ́ jẹ́ apá 12, ìkejì jẹ́ 15, ṣùgbọ́n àkókò tí wọ́n ń gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Dọ́kítà ọ̀hún wà nínú méjèèjì, róbọ́ọ̀tì wà nínú méjèèjì. Ibi tí wọ́n ti jọra mọ nìyẹn.

Bela Lugosi, ẹni tó ṣe Dracula ní 1931, ló ṣe Dọ́kítà Zorka nínú The Phantom Creeps, ó sì jẹ ẹ́ bí ẹni tí ebi ń pa. Ohun tí Zorka ṣe pọ̀ ju ohun tó mọ̀ ọ́n lò lọ. Ó ní bẹ́líìtì kan tó jẹ́ pé tó bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní í rí i mọ́. Ó ní róbọ́ọ̀tì fìrìgbọ̀n kan tí ojú rẹ̀ le koko bí ẹni tó ń bínú sí aráyé. Èyí tó wù mí jù ni aláǹtakùn onírin rẹ̀. Wọ́n á ti kọ́kọ́ fi àwo róbótó kékeré kan pamọ́ sí ara ẹni tí wọ́n fẹ́ mú, aláǹtakùn náà á wá máa rá bọ̀, á máa rá bọ̀, kò yára, kò sì dúró, títí tí yóò fi dé ìdí àwo yẹn. Èéfín á tú fùú, ẹni náà á nà gbalaja, kò kú, kò sì yè. Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọdé ni aláǹtakùn ọ̀hún jọ tẹ́ ẹ bá tẹjú mọ́ ọn, síbẹ̀ ara ẹni á ṣì máa bù máṣọ.

Ibi tí ogun wà ni pé inú àpótí kékeré kan ni gbogbo agbára Zorka wà, nínú òkúta kan tó já láti ojú ọ̀run. Àwọn agbófinró ìjọba ń wá a, àwọn amí ilẹ̀ òkèèrè ń wá a, àpótí náà á sì máa ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ láti apá kan dé èkejì títí á fi sú ẹlòmíràn. Ó sú èmi náà ní àárín. Ohun tó mú mi dúró ni Zorka àti Monk, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Zorka ò lè ṣe kó má bú u, Monk ò sì lè ṣe kó má wá ọ̀nà tí yóò fi dalẹ̀ rẹ̀. Wọ́n jọ ń gbé bí ológbò àti èkúté. Róbọ́ọ̀tì ńkọ́? Ó ṣeni láàánú, wọn ò jẹ́ kó ṣe tó bó ṣe yẹ. Ilé ló ń gbé, bí ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́lé.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí àwa nílẹ̀ Áfíríkà á fura sí. Nígbà tí Zorka ń sọ bí òun ṣe rí òkúta náà, wọ́n fi ibi tó ti gbẹ́ ẹ hàn, Áfíríkà ni wọ́n sì pè é. Kì í ṣe Lugosi ló wà nínú aṣọ tó bo ara pátá yẹn. Inú fíìmù mìíràn tí Universal ti ṣe ní 1936, The Invisible Ray, ni wọ́n ti gé e wá, Boris Karloff ló sì wà nínú aṣọ náà. Áfíríkà tí wọ́n kọ́ sínú ọgbà ilé-iṣẹ́ fíìmù fún ẹlòmíràn ni wọ́n tún yá lò.

Mysterious Doctor Satan ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Eduardo Ciannelli, ọmọ bíbí ilẹ̀ Ítálì, ló ṣe Dọ́kítà Satan, kò sì pariwo. Kóòtù lásán ló wọ̀, bí òṣìṣẹ́ báńkì. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ìwà rẹ̀ ló le. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá: ẹ̀rọ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Scott ṣe, tí yóò fi máa darí róbọ́ọ̀tì láti ọ̀nà jíjìn, kó lè sọ ẹyọ kan tó ní di odindi ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Nítorí pé ohun tó ń wá ò pọ̀, ìtàn náà kì í ṣìnà. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn tirẹ̀ ò lè dalẹ̀ bí Monk, torí pé ó ti so ẹ̀rọ mọ́ wọn lára: bí ẹnìkan bá fẹ́ ya ẹnu, iná á gbé e níbi tó dúró sí. Ẹ máa wo ojú Ciannelli bó bá ń ṣe é. Kò bínú, kò rẹ́rìn-ín.

Ákítọ̀ tó ń bá a jà ń jẹ́ Copperhead, ìbòjú onírin wẹ́wẹ́ ló sì fi ń bo gbogbo ojú. Àwọn tó mọ ìtàn iṣẹ́ náà mọ̀ pé Superman ni Republic ti fẹ́ ṣe. Àdéhùn ò wọ̀, wọ́n sì dá ẹni tuntun sílẹ̀. Lois, orúkọ ọ̀rẹ́bìnrin Superman, ṣì ni orúkọ ọmọbìnrin Ọ̀jọ̀gbọ́n Scott.

Ibi tí fíìmù yìí ti la gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ já ni ìjà. William Witney, ọ̀kan nínú àwọn tó darí rẹ̀, ti rí bí Busby Berkeley, olùdarí fíìmù oníjó, ṣe ń ya ijó, tó ń gé e sí wẹ́wẹ́ tó sì ń to ó jọ, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìjà bákan náà. Ṣáájú ìgbà yẹn, ńṣe ni wọ́n máa ń gbé kámẹ́rà kalẹ̀, kí gbogbo wọn sì dà lu ara wọn gìdìgìdì. Nínú èyí, ẹ ó rí ẹ̀ṣẹ́ kan, ẹ ó rí àga tó fọ́, ẹ ó rí Copperhead tó fò sókè láti orí tábìlì; David Sharpe, tó ń rọ́pò ákítọ̀ níbi tó bá léwu, ló ń bá a fò ọ́, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ bí ẹni tí kò ní eegun.

Bó bá jẹ́ ẹ̀rín àti eré dọ́kítà ọ̀hún gan-an lẹ ń wá, ẹ mú Zorka. Bó bá jẹ́ fíìmù tó dára lẹ ń wá, Doctor Satan ni, mi ò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ẹ bá fẹ́ máa méfò ẹni tó wà lẹ́yìn ìbòjú

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, tí bọ́ǹbù átọ́míìkì ti bọ́ sí ẹnu gbogbo èèyàn, Republic yí ọwọ́ padà. Dọ́kítà ìkà ò gbé inú ihò mọ́. Ó ti wọ ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ń jókòó bá wọn ṣèpàdé, ó ń bá wọn kẹ́dùn, ẹ ò sì mọ èyí tó jẹ́ títí di apá tó gbẹ̀yìn. The Crimson Ghost (1946) àti King of the Rocket Men (1949) ló ṣe é dáadáa jù. Apá 12 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú wọn ò ju nǹkan bíi 167 lọ, ìyẹn ni pé wákàtí mẹ́ta ò pé.

Orí egungun òkú ni Crimson Ghost fi ṣe ìbòjú, ó sì wọ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ tó ní ìborí. Ó fẹ́ jí Cyclotrode, ẹ̀rọ kan tí wọ́n ṣe láti dáàbò bo ìlú lọ́wọ́ bọ́ǹbù átọ́míìkì, àmọ́ tó lè pa gbogbo ohun tó ń lo iná mànàmáná lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ sọ di ẹrú, á fi kọ́là onírin kan sí i lọ́rùn. Kì í kọ̀ fún un mọ́, bí ẹ bá sì gbìyànjú láti bọ́ ọ, ikú ni. Ìjà inú rẹ̀ pọ̀, ọkọ̀ tó ń fọ́ pọ̀, àwọn ilé kéékèèké tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Lydecker mọ tí wọ́n sì ń jó níná tún jọ ilé gidi. Clayton Moore, tí àwọn ọmọdé máa mọ̀ sí Lone Ranger lórí tẹlifíṣọ̀n láti 1949, ló ṣe Ashe, ọmọ ẹ̀yìn tó le jù. Bẹ́ ẹ bá ti rí T-shirt tí wọ́n ya orí òkú funfun kan sí rí, tó ń wò yín bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó lè jẹ́ ojú yìí ni: ẹgbẹ́ olórin Misfits ti New Jersey ló sọ ọ́ di àmì tiwọn, ọ̀pọ̀ tó ń wọ̀ ọ́ ò sì mọ ibi tó ti wá.

Nínú King of the Rocket Men, Dr. Vulcan ló ń pa àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìtàn náà dùn níbì kan tí The Crimson Ghost kò ti dùn: ákítọ̀, Jeff King, náà bo ojú, Rocket Man ni wọ́n ń pè é, ibi iṣẹ́ kan náà ló sì ti ń jẹun pẹ̀lú ẹni tó ń wá a. Ọ̀gá ìkà ò mọ ẹni tí Rocket Man jẹ́, Rocket Man ò mọ ẹni tí Vulcan jẹ́, wọ́n sì lè jọ kí ara wọn láàárọ̀. Ṣùgbọ́n owó ti ń tán lọ́wọ́ Republic ní 1949, ẹ ó sì rí i. Àwọn èèyàn inú rẹ̀ ò pọ̀, yàrá kan náà ni wọ́n ń wọlé wọ̀de. Nígbà tí Vulcan fi ẹ̀rọ Decimator fa omi òkun bo New York ní ìparí, ìyẹn tóbi ju gbogbo ohun tó ṣáájú lọ, torí pé inú fíìmù Deluge ti 1933 ni wọ́n ti gé omi náà wá.

Ohun tó gbé King of the Rocket Men dé òní ni fífò. King á dé akoto onírin tí ẹnu rẹ̀ rí ṣóńṣó, á yí bọ́tìnnì tó wà láyà kóòtù aláwọ rẹ̀, ọ̀kan fún òkè àti ìsàlẹ̀, ọ̀kan fún eré àti ẹ̀sọ̀, á sáré díẹ̀, á sì fò lọ. Ère ni wọ́n ń fà gba orí wáyà, ìta gbangba ni wọ́n sì ti yà á, lábẹ́ oòrùn gidi pẹ̀lú òkè gidi lẹ́yìn rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ojú fi gbà á gbọ́. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Atom Man vs. Superman tí Columbia ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Bí Superman bá fẹ́ fò níbẹ̀, Kirk Alyn á na ọwọ́ sókè, kí ẹ tó ṣẹ́jú ó ti di àwòrán tí wọ́n fi ọwọ́ yà, àwòrán ló ń fò lọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà á ti mọ̀. Lyle Talbot gbìyànjú bíi Luthor, ọ̀tá Superman, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ sì dára, ṣùgbọ́n apá 15 ti pọ̀ jù fún un. Ẹ fi í sílẹ̀, àyàfi tó bá jẹ́ pé ohun tó bá ti ní Superman nínú lẹ ń wò.

Nínú The Crimson Ghost àti King of the Rocket Men, The Crimson Ghost ló yẹ kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ìjà rẹ̀ ju ti èkejì lọ, ọ̀gá ìkà rẹ̀ ní ojú tí èèyàn ò lè gbàgbé. Ẹni tí yóò bá ọmọdé wò ó, Rocket Men ni kó mú. Wọ́n á fẹ́ dé akoto náà.

Àwọn tó yẹ kí ẹ gbọ́ nípa wọn kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́

Batman ti Columbia, 1943, ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé fún yín, torí orúkọ. Ó ní ohun tó ní: inú rẹ̀ ni ihò Batman ti kọ́kọ́ wọ inú fíìmù, pẹ̀lú aago ńlá tí wọ́n ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé, William Austin tó ṣe Alfred, ọmọ ọ̀dọ̀ Batman, nínú rẹ̀ sì tín-ín-rín débi pé àwọn tó ń ya ìwé àwòrán Batman sọ Alfred tiwọn di tín-ín-rín. Dr. Daka inú rẹ̀ ń fi akoto oníwáyà sọ èèyàn di ẹni tí kò ní ìrònú mọ́, á máa fi máíkí pàṣẹ fún wọn, àwọn ọ̀nì sì ń dúró lábẹ́ ilẹ̀ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ ẹ́. J. Carrol Naish jẹ ẹ́ dáadáa. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ará Japan ni wọ́n pe Daka, òyìnbó Amẹ́ríkà ni Naish, ẹ̀yà náà lápapọ̀ ni wọ́n sì ń bú láti apá àkọ́kọ́. Olùsọ̀tàn ibẹ̀ tilẹ̀ ń yin ìjọba pé ó kó àwọn ará Japan kúrò ládùúgbò wọn. Ìjọba Amẹ́ríkà kó wọn ní tòótọ́, láti 1942, èyí tó ju 110,000 èèyàn lọ, tí púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ bíbí Amẹ́ríkà. Bí ẹ ó bá wò ó pẹ̀lú ọmọ, ẹ ṣàlàyé fún un. Ní ti ìjà, ẹ má retí ohunkóhun. Aṣọ tí Lewis Wilson, tó ṣe Batman, wọ̀ ò jẹ́ kó lè gbápá.

The Lost City ti 1935 ló bí mi nínú jù, torí pé ilẹ̀ wa ni wọ́n gbé e sí. Zolok, tó wà ní ìlú kan lábẹ́ ilẹ̀ ní Áfíríkà, ń fa ìjì káàkiri ayé, ó sì ń fi ẹ̀rọ sọ àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n bá mú di òmìrán tí kò lè kọ ohunkóhun. Bí wọ́n ṣe fi àwọn èèyàn náà hàn ò ṣeé gbèjà. Èyí tó wá dùn mí ni pé kò sí fíìmù alápá-púpọ̀ tí iná mànàmáná rẹ̀ dára tó ti inú èyí: Kenneth Strickfaden, ẹni tó ṣe àwọn ẹ̀rọ tó ń ta iná nínú Frankenstein ti 1931, ló ṣe é. Ẹni tó ń kọ́ nípa ìtàn sinimá lè wo apá kan tàbí méjì. Ẹni tó kàn fẹ́ gbádùn ara rẹ̀, kò sí ohun tó kàn án níbẹ̀.

Captain America ti Republic, 1944, wà láàárín. Ẹni tó wá a nítorí àwọn fíìmù ìsinsìnyí máa bínú: kò sí asà, kì í ṣe ọmọ ogun, agbẹjọ́rò ìjọba tó ń yìnbọn ni. Ṣùgbọ́n Lionel Atwill wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi Dr. Maldor, ọ̀gá mùsíọ̀mù tó ń pa àwọn tí wọ́n jọ lọ ìrìn àjò ìwádìí níkọ̀ọ̀kan torí pé ògo rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ wọn. Nínú gbogbo dọ́kítà tí mo ti kà sílẹ̀ yìí, òun nìkan ni ìbínú rẹ̀ ní ìdí tó yé mi. Ìdajì àkọ́kọ́ rẹ̀ lárinrin. Ẹ dáwọ́ dúró nígbà tó bá rẹ̀ yín.

Bí ẹ ó ṣe wò ó

Ẹ má wò ó tán ní alẹ́ kan. Wọn ò ṣe é fún bẹ́ẹ̀, á sì sú yín kí ẹ tó dé apá kẹrin, torí pé ìbẹ̀rẹ̀ apá kọ̀ọ̀kan ń tún ìparí èyí tó ṣáájú sọ. Apá kan tàbí méjì lálẹ́ ti tó. Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀: ẹ ò ní í tètè mọ̀ pé wọ́n ń yàn yín jẹ. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ rí ọkọ̀ tó já sí kòtò pẹ̀lú ákítọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yìí wọ́n wá fi ibi tó ti bẹ́ jáde hàn, ibẹ̀ ò sì sí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹni tó bá wò wọ́n tẹ̀ léra wọn á bínú. Àwọn ọmọ 1940 ti gbàgbé.

Nínú ti Republic láti ìparí àwọn ọdún 1940 sókè, ó sábà máa ń ní apá kan tí ẹnìkan á jókòó, táá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀, wọ́n á sì máa fi àwòrán àtijọ́ hàn yín. Owó ni wọ́n fi ń pa mọ́. Ẹ fò ó, kò sí nǹkan tí ẹ máa pàdánù.

The Phantom Creeps wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Internet Archive. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún, níbikíbi tẹ́ ẹ bá ti rí wọn, ni ẹ̀dà tí wọ́n gé kúrú di fíìmù kan. Ní 1966, Republic gé Mysterious Doctor Satan di Doctor Satan's Robot fún tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì gé The Crimson Ghost di Cyclotrode "X"; King of the Rocket Men ti di Lost Planet Airmen láti 1951. Ohun tó kù nínú wọn jẹ́ ìjà lórí ìjà, ẹ ò ní í mọ ẹni tó ń lu ẹni. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà apá àti orúkọ apá níwájú rẹ̀, èyí tó pé nìyẹn.